Ọkọ̀ òkun tí kì í kúrò lójú kan: bí wọ́n ṣe ń kọ́ atukọ̀ láti sọ fún ọ̀gá pé ó ti ṣìnà

Ẹni tó bá ti wọ dánfó láti Òṣòdì dé Yábàá rí ti rí bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀ òkun. Dírẹ́bà ló di síárìn mú, àmọ́ kọ́ńdọ́ tó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ló ń rí ohun tí dírẹ́bà kò lè rí. Òun ló ń gbá ara mọ́tò, tó ń pariwo "Wọlé! Wọlé!", tó tún ń yí i padà lójijì pé "Dúró! Ọ̀kadà ń bọ̀!" Dírẹ́bà ò ní bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Yóò tẹ bíréèkì ná. Lọ́jọ́ tí kọ́ńdọ́ bá bínú tó panu mọ́, tàbí tí dírẹ́bà bá ní òun ò gbọ́ ti ọmọ kékeré, ara mọ́tò ni yóò sọ.

Ìdí tí mo fi fi èyí ṣíde ọ̀rọ̀ ni pé ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn máa ń béèrè tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹni tó ti ń tukọ̀ fún ogún ọdún tún ń lọ jókòó sínú sìmúlétọ̀, yàrá orí ilẹ̀ tí wọ́n ṣe bí inú ọkọ̀, fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Kí ló tún fẹ́ kọ́ níbẹ̀? Ṣé kò mọ ọkọ̀ yí ni? Ó mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ kọ́ńdọ́ yẹn ló lọ ń kọ́, àti bí dírẹ́bà ṣe ń gbọ́ ti kọ́ńdọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀ ná. Lókè ọkọ̀ òkun ńlá, yàrá gbọọrọ kan wà tí dígí yí ká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń darí ọkọ̀; ilé ìtukọ̀ ni n ó máa pè é. Tí ọkọ̀ bá ń wọ èbúté, èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ wà níbẹ̀, tí ẹrù àti ẹ̀mí gbogbo wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀fíṣà tí iṣẹ́ kàn ní wákàtí yẹn ń wo rédà àti máàpù. Ẹnì kan di síárìn mú, àmọ́ kì í dá pinnu ibi tí yóò yà sí. Àṣẹ ló ń tẹ̀ lé. Ẹlòmíì kàn ń fi ojú wo iwájú ni. Lẹ́yìn wọn ni páílọ́ọ̀tì, tí kì í ṣe ará ọkọ̀ rárá. Ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ ni, tó mọ omi náà bí ẹní mowó. Ní Èkó, ọkọ̀ kékeré ló ń gbé páílọ́ọ̀tì lọ pàdé ọkọ̀ ńlá lójú òkun. Yóò fi àkàbà okùn gun ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, yóò sì máa júwe ọ̀nà títí wọn yóò fi dé Àpápá tàbí Tin Can. Fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, àlejò ni gbogbo wọn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Síbẹ̀ ọ̀gá ọkọ̀ ló ṣì ni ọkọ̀. Tí nǹkan bá bàjẹ́, kò lè ní àlejò ló bà á jẹ́.

Ọkọ̀ òkun ò sì ní bíréèkì. Ọkọ̀ agbépo ńlá tó wà lórí eré lè rìn ju kìlómítà mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sẹ́yìn kó tó dúró. Àṣìṣe tí wọ́n ṣe ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè má fojú hàn títí di aago mẹ́jọ ààbọ̀, nígbà yẹn kò sí ohun tí síárìn lè ṣe sí i mọ́. Ẹni tó bá tètè la ẹnu ló ń gba ọkọ̀ là.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ akẹ́rù Cosco Busan ní San Francisco, ní Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi jù. Ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá ọdún 2007 ni. Ọkọ̀ náà gùn tó mítà 275, ó gbéra ní Oakland láàárọ̀, kùrukùru sì ṣú débi pé ojú ò lè ríran dé ìdámẹ́rin máìlì. Páílọ́ọ̀tì tó wà nínú rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ náà fún ohun tó ju ọdún 25 lọ. Ará Ṣáínà ni ọ̀gá ọkọ̀, kò sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ gba ọkọ̀ náà. Kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó gbéra, ó yẹ kí àwọn méjèèjì fikùn lukùn: kí páílọ́ọ̀tì sọ ibi tí yóò gbà, kí ọ̀gá ọkọ̀ sọ ìwà ọkọ̀ rẹ̀. Wọn ò ṣe é bó ṣe yẹ.

Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ afárá ńlá tó so San Francisco pọ̀ mọ́ Oakland, páílọ́ọ̀tì ní rédà ò ṣe dáadáa lójú òun mọ́, ló bá yíjú sí máàpù orí kọ̀ǹpútà. Àmì pupa onígun mẹ́ta méjì wà lórí rẹ̀. Ó bi ọ̀gá ọkọ̀ pé kí ni wọ́n túmọ̀ sí. Èsì tó rí gbà ò là á yé e. Àmì tó léfòó sí ẹ̀gbẹ́ òpó afárá ni máàpù ń tọ́ka sí, páílọ́ọ̀tì sì gbà pé àárín afárá, ibi tó yẹ kí ọkọ̀ gbà, ni.

Ẹ tún un wò. Ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n gbé wá kó wá júwe ọ̀nà ló ń bi àlejò ọ̀nà yìí, nínú kùrukùru, níwájú afárá. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìkìlọ̀. Ká ní ẹnì kan sọ pé "Ẹ jẹ́ ká dẹ eré, ká tún ọ̀rọ̀ yìí wò," ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ẹni tó dúró sí imú ọkọ̀ ló kọ́kọ́ rí òpó afárá tó yọ nínú kùrukùru, ó sì ké e sórí rédíò, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ fá ìdí òpó náà. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n epo tó lé ní gálọ́ọ̀nù 53,000 dà sínú omi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ ló sì bá a lọ.

Àjọ NTSB tó ń ṣèwádìí jàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà pín ẹ̀bi náà. Wọ́n ní oògùn tí páílọ́ọ̀tì ń lò ti ń dí làákàyè rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní ọ̀gá ọkọ̀ ò mójú tó o bó ṣe yẹ. Wọ́n wá fi gbólóhùn kan sí i tí mo kà ní ìgbà méjì: wọ́n ní páílọ́ọ̀tì mọ omi ibẹ̀ jù ú lọ fíìfíì, àṣà wọn tún yàtọ̀, èyí sì mú kó nira fún ọ̀gá ọkọ̀ láti fi àṣẹ rẹ̀ hàn níwájú páílọ́ọ̀tì.

Ẹ má sọ pé ti Ṣáínà nìyẹn o. Àwa ń kọ́? Bàbá ń wakọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, ó ti kọjá ibi tó yẹ kó yà sí. Ta ni nínú àwa ọmọ tó wà lẹ́yìn ni yóò sọ ọ́ bó ṣe rí? A óò máa wo ara wa lójú. Ẹni tó láyà jù nínú wa á ní, "Bàbá, ó dà bíi pé èèyàn lè gba ọ̀hún náà o." Bàbá á ní òun mọ̀. Ó parí. A kì í sọ fún àgbà pé irọ́ ló ń pa. "Ẹ ò rántí dáadáa ni" la máa ń sọ. Nílé, ó dùn ún gbọ́. Nínú ilé ìtukọ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá yí po bẹ́ẹ̀ kì í tètè délé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ọkọ̀ òfuurufú mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dárúkọ àìsàn yìí. Lọ́jọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, ọkọ̀ òfuurufú KLM àti ti Pan Am kọlura lórí pápákọ̀ ní erékùṣù Tenerife, èèyàn 583 sì kú. Ẹnjiníà inú ọkọ̀ KLM béèrè bóyá Pan Am ti kúrò lójú ọ̀nà lóòótọ́. Ọ̀gá rẹ̀, tó jẹ́ èèyàn pàtàkì nílé iṣẹ́ náà, ní ó ti kúrò. Kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Látìgbà náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn wọn bí wọ́n ṣe ń lo gbogbo orí tó wà nínú ọkọ̀, tó fi jẹ́ pé kì í ṣe orí ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè, àwọn tòkun ti mú ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní BRM (Bridge Resource Management). Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òyìnbó kàn fún un ní ìwé-ẹ̀rí ni.

Àdéhùn àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní STCW, láti ọdún 1978, tó ń sọ ohun tí atukọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó fún un níwèé àṣẹ. Ní Manila lọ́dún 2010 ni wọ́n tún un ṣe, tí BRM àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ fi di dandan fún àwọn ọ̀fíṣà. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2012 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́jọ́ 13 oṣù yẹn kan náà, ọkọ̀ ìgbafẹ́ Costa Concordia fẹ̀gbẹ́ gbá àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì, èèyàn 32 sì bá a lọ. Ọ̀gá ọkọ̀ ti yà kúrò lójú ọ̀nà kó lè fi ọkọ̀ kí àwọn ará erékùṣù. Àwọn ọ̀fíṣà rẹ̀ dúró níbẹ̀. Òfin ti wà nínú ìwé; ẹnu ló ṣì wúwo.

Sìmúlétọ̀ wá ni ibi tí wọ́n ti ń mú ẹnu fúyẹ́.

Ẹ fojú inú wo yàrá kan lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tí síárìn, rédà, rédíò àti ọwọ́ ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ gan-an. Dípò fèrèsé, ojú ìwòran ńlá ló yí i ká, òkun sì wà lórí rẹ̀: ìgbì, iná èbúté, ọkọ̀ àwọn apẹja, òjò tó ń sàn lára dígí. Ilẹ̀ yàrá náà ò mì, síbẹ̀ tí ọkọ̀ bá yí lójijì, wàá rí àgbàlagbà tó na ọwọ́ wá irin dì mú. Lẹ́yìn ojú ìwòran yẹn, kọ̀ǹpútà ń ṣírò bí ọkọ̀ ṣe wúwo tó, ibi tí afẹ́fẹ́ àti omi ń tì í sí, bí ìsàlẹ̀ omi ṣe jìn tó. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe eré, torí ọkọ̀ tó bá ń sáré nínú omi tí kò jìn máa ń rì sísàlẹ̀ ju bí ojú ṣe rò lọ. Ohun tó dá kún ọ̀ràn ọkọ̀ ìgbafẹ́ QE2 nìyẹn nígbà tí ìdí rẹ̀ fi ha àpáta ní etíkun Massachusetts lóṣù kẹjọ ọdún 1992.

(Àwọn kan ò tilẹ̀ lo kọ̀ǹpútà. Ní Port Revel, lẹ́bàá Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1967 ni wọ́n ti ń lo ọkọ̀ kéékèèké lórí adágún, tí ìwọ̀n wọn jẹ́ ìdá kan nínú 25 ti ọkọ̀ gidi. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ tó ti hu irun funfun á jókòó sínú wọn, orí wọn á yọ síta bí ọmọdé tó wọ ọkọ̀ ìṣeré. Torí bí ọkọ̀ náà ṣe kéré, gbogbo nǹkan ibẹ̀ ń yára ní ìlọ́po márùn-ún. Ẹni tó bá lè ronú lórí omi yẹn, ti òkun ò ní le fún un.)

Nínú yàrá kejì ni olùkọ́ wà, bí ẹni tó ń ṣe òrìṣà òkun. Ó lè da kùrukùru sílẹ̀. Ó lè pa ẹ́ńjìnnì, kó fi GPS parọ́, kó rán ọkọ̀ apẹja mẹ́ta gba iwájú wọn. Àwọn olùkọ́ kan tún ní ọgbọ́n mìíràn: wọ́n á yọ́ bá ẹni tó ń ṣe ọ̀gá ọkọ̀ sọ ọ́ ṣáájú pé kó mọ̀ọ́mọ̀ pàṣẹ tí kò tọ̀nà, kí wọ́n lè mọ ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ àti iye ìṣẹ́jú tí yóò gbà á.

Ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà rọrùn débi pé èèyàn lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Páílọ́ọ̀tì ní, "Òsì, mẹ́wàá," ìyẹn ni pé kí ìtọ́kọ̀, pátákó inú omi tó ń yí ọkọ̀, yí sí òsì ní dìgírì mẹ́wàá. Ẹni tó di síárìn mú kò ní dáhùn pé "Ó dáa, sà." Yóò tún un sọ: "Òsì, mẹ́wàá." Nígbà tí ìtọ́kọ̀ bá dé ibẹ̀ lóòótọ́, yóò tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá ti gbọ́ àṣẹ, wọ́n gbọ́ pé ó yé e, wọ́n sì gbọ́ pé ó ti ṣe é. "Ó dáa" ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gbọ́ "ọ̀tún" náà lè ní "ó dáa". Lórí ọkọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí pé ará Philippines, ará Íńdíà, ará Ukraine àti ọmọ Nàìjíríà lè jọ wà nínú yàrá kan. Láti ọdún 2001 ni IMO, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, ti ní àkójọ gbólóhùn fún irú ìgbà bẹ́ẹ̀.

Èyí tó le ni bí a ṣe ń ko ọ̀gá lójú. Wọ́n ń kọ́ ọ bí àtẹ̀gùn mẹ́rin, tí èèyàn ń gùn bí ọ̀gá kò bá dáhùn. Tí mo bá sọ ọ́ lédè wa, báyìí ni yóò rí:

"Ọ̀gá, ṣé ẹ rí iná pupa tó wà níwájú yẹn?"

"Ọ̀gá, tá a bá ń lọ báyìí, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù ká kanlẹ̀."

"Ọ̀gá, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká yà sí ọ̀tún báyìí."

"Mo gbà á lọ́wọ́ yín. Ọ̀tún pátápátá!"

Ẹ kíyè sí i pé "ẹ" àti "yín" ò kúrò nínú ẹ̀, títí dórí èyí tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Àwọn tó ní BRM ò bá àṣà wa mu kò wo ibẹ̀. Èdè wa gba èèyàn láyè láti bọ̀wọ̀ fún àgbà kó sì tún dá a dúró. Àwa la sọ ọ̀wọ̀ di ìdákẹ́jẹ́. Ìdá kejì ẹ̀kọ́ náà, tí mo rò pé ó nira jù, ni ti ọ̀gá: kó sọ látìbẹ̀rẹ̀ pé "Tẹ́ ẹ bá rí ohun tí mi ò rí, ẹ sọ fún mi," kí inú má sì bí i nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́.

Kì í ṣe ọ̀gá nìkan ni wọ́n ń kọ́ èèyàn láti bá jiyàn. Ẹ̀rọ náà wà ńbẹ̀. Royal Majesty, ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó kó èèyàn 1,509, gbéra ní Bermuda lóṣù kẹfà ọdún 1995, ó ń lọ sí Boston. Kò tíì pé wákàtí kan tí wáyà tó so GPS rẹ̀ mọ́ ẹ̀ríà tú. GPS ò dákẹ́; ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í méfò ni, ó ń fi eré àti ojú tí ọkọ̀ kọ sí ṣírò ibi tó yẹ kó wà, ó sì kọ lẹ́tà kéékèèké méjì, DR, sí ojú rẹ̀ láti fi sọ pé àméfò ni. Kò sẹ́ni tó kà á. Fún nǹkan bíi wákàtí 34, wọ́n ń fi àmì sí máàpù ní wákàtí-wákàtí, gbogbo rẹ̀ sì gún régé, torí pé irọ́ kan náà ni wọ́n ń kọ. Ẹ̀rọ míì tó mọ òótọ́, Loran, wà nínú yàrá kan náà.

Ṣùgbọ́n ibi tó kàn wá ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ọ̀gá ọkọ̀ bi ọ̀fíṣà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bóyá ó ti rí àmì ojú omi kan tó yẹ kí wọ́n kọjá. Ó ní òun ti rí i. Kò rí i. GPS ti sọ pé ojú ọ̀nà ni wọ́n wà, ó sì rò pé rédà ni kò gbé àmì náà yọ. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń ṣọ́ iwájú sọ fún un pé àwọn ń rí omi búlúù àti funfun níwájú. Ó gbọ́, kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ lù, ọkọ̀ gun orí iyanrìn lẹ́bàá erékùṣù Nantucket, máìlì 17 sí ibi tí wọ́n rò pé wọ́n wà. Orí bá wọn ṣe é, kò sẹ́ni tó fara pa.

Sìmúlétọ̀ ò lè ṣe gbogbo rẹ̀ o. Kò lè fún ọ ní oorun tí o kò rí sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, tàbí ìbẹ̀rù ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀mí èèyàn wà nísàlẹ̀. Kódà òfin STCW kò sọ pé orí sìmúlétọ̀ nìkan ni wọ́n ti lè kọ́ BRM; rédà àti máàpù orí kọ̀ǹpútà ló sọ ọ́ di dandan fún. Ọmọ tó bá jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ìtukọ̀ ní Oron, ní Akwa Ibom, ṣì gbọ́dọ̀ lo oṣù 12 lórí omi kó tó lè gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ń fi ọdún wá ọkọ̀ tí yóò gbà wọ́n. Yàrá ìwòran ò lè rọ́pò ìyẹn.

Ohun tó ní, tí òkun ò ní, ni ìtúnwò. Tí ìdánrawò bá parí, gbogbo wọn á jókòó yí tábìlì ká, olùkọ́ á tún un gbé jáde látìbẹ̀rẹ̀: ojú ọ̀nà ọkọ̀, ohùn oníkálùkù, aago ní igun. Kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Yóò dá a dúró ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 14, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin ọ̀fíṣà kan ti na ọrùn wo rédà, tó wo ọ̀gá, tó tún wo rédà. Yóò fi í sáré lọ sí kọjá ìṣẹ́jú 19, ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu. Á bi í jẹ́ẹ́jẹ́ pé kí ló ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn.

"Mo rò pé ọ̀gá ti rí i ni, sà."

Olùkọ́ á wá yíjú sí ẹni tó ṣe ọ̀gá. Òun náà á fọwọ́ ra orí, á ní òun rò pé tí nǹkan kan bá wà níbẹ̀, ọmọ yìí ì bá ti sọ fún òun.